Àpótí Wáàtì Márùn-ún

Kò tó ìgbọ̀nwọ́ kan ní gíga. Bí mo bá gbé e lé orí tábìlì ní yàrá abẹ́ ilé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, orí rẹ̀ kò kọjá àyà mi. Aṣọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára rí bíi ti àpò ìrìn-àjò àtijọ́, àwọ̀ rẹ̀ bí ewé gbígbẹ. Awọ ni wọ́n fi ṣe ọwọ́ tí a fi ń gbé e, awọ náà sì ti ń dán níbi tí àtẹ́lẹwọ́ ń dì mú. Aṣọ mìíràn tó fẹ́lẹ́ bo ojú sípíkà ínǹṣì mẹ́jọ tó wà níwájú. Lókè, lórí irin tó ń kọ mànà bíi dígí, ihò méjì wà tí a ń ki wáyà gìtá bọ̀, ìyí kan ṣoṣo, àti gílóòbù kékeré kan tó pọ́n bí ìlẹ̀kẹ̀ iyùn. Ìyí yẹn la fi ń tan án, òun náà la fi ń gbé ohùn rẹ̀ sókè, nọ́ńbà ara rẹ̀ sì dé 12. Kò sí èyí tí a fi ń bu básì kún un, kò sí èyí tí a fi ń dín in kù. Ohun tí ọwọ́ onígìtá bá ṣe ni ańpílífáyà yìí ń sọ, kò mọ irọ́ pa.

Àwòṣe Fender Champ ni. Ilé-iṣẹ́ Leo Fender ní Fullerton, ní Kalifóníà, ló ṣe ojúlówó rẹ̀, ìlànà wáyà inú rẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní 5F1 sì ni tèmi tẹ̀ lé, èyí tí wọ́n lò láti ẹ̀wádún 1950 títí di 1964. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, ọmọ tó ń kọ́ gìtá nínú yàrá, tí àwọn òbí rẹ̀ sì fẹ́ sùn. Wáàtì márùn-ún péré ni agbára rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn onígìtá Eric Clapton àti Duane Allman wọ sítúdíò Criteria ní Miami ní 1970 láti ṣe àwo Layla, ańpílífáyà Fender kéékèèké báyìí ni wọ́n gbé síwájú máìkì. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Fáàfù, gílóòbù dígí tí ohùn gìtá ń gbà kọjá nínú ańpílífáyà, kì í sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àfi bí ẹrù bá fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo jù fún un. Ańpílífáyà ńlá ní láti mi ògiri kí ó tó dé ibẹ̀. Kékeré yìí ń dé ibẹ̀ láìjí ará ilé kejì.

Bí mo bá tú pákó ẹ̀yìn rẹ̀, fáàfù mẹ́ta ló so rọ̀ sílẹ̀ bí àdán lọ́sàn-án. Èyí tó kéré jù, 12AX7, kò ju ìka àárín lọ. Abala méjì ló wà nínú rẹ̀: àkọ́kọ́ ń gba ìró gìtá, tí kò lágbára ju èémí ọmọ tó sùn lọ, ó ń sọ ọ́ di ńlá, ó ń gbé e fún èkejì. Èyí tó wà láàárín, 6V6, ni alágbàrù. Òun nìkan ló ń ti sípíkà, kò ní ẹnìkejì tí wọn ì bá jọ pín in. Ẹ̀kẹta, 5Y3, kò bá orin tan rárá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti sọ iná tó ń lọ tó ń bọ̀ di iná tó kọjú sí ibì kan. Bí mo bá tan án, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó fọhùn. Wáyà inú fáàfù á kọ́kọ́ dúdú, á wá pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ẹyinná tí wọ́n ń fẹ́, òórùn eruku gbígbóná á gba inú yàrá. Àyìndé Bákàrè ni wọ́n ń dárúkọ pé ó gbé gìtá oníná wọ inú jùjú ní nǹkan bí 1949. Inú irú gílóòbù báyìí ni ohùn gìtá rẹ̀ gbà kọjá, torí kò tíì sí ọ̀nà mìíràn nígbà náà. Mo máa ń rántí rẹ̀ ní àkókò tí mo fi ń dúró de kí iná náà pọ́n.

Nígbà tí mo rà á, ó ń kùn bí oyin inú agbè. Okùn gìtá tó nípọn jù ń dún bí ẹni tí òkèlè dí lẹ́nu, tín-ín-rín ń gún etí, bí mo bá sì yí i kọjá 6, gbogbo rẹ̀ á dà rú bí ìgbà tí wọ́n ń ya bébà. Àmọ́ nígbà mìíràn, bí mo bá tẹ okùn kẹta jẹ́jẹ́, ohùn kan á yọ lábẹ́ ariwo náà, ohùn tó gbóná tó sì ní ìgbọ̀nrìrì díẹ̀ nínú, á tún pòórá. Torí ohùn yẹn ni mo ṣe tú u.

Inú rẹ̀ kì í ṣe ibi eré. Iná tó lé ní 300 fóltì ń rìn níbẹ̀, àwọn kàpásítọ̀ ńláńlá sì ń tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti yọ wáyà kúrò lára ògiri. Mo máa ń yọ wáyà, mo máa ń dúró, mo máa ń fi rẹsísítọ̀ tí mo fi rọ́bà bò lápá kan fa iná tó ṣẹ́kù lọ sára irin, mo máa ń fi mítà wọ̀n ọ́n títí yóò fi sọ òdo. Lẹ́yìn náà ni mo tó máa ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọwọ́ kan ṣoṣo, èkejì á wà nínú àpò ṣòkòtò, kí iná má baà rí ọ̀nà gba àyà mi kọjá.

Onílù bàtá mọ irú iṣẹ́ tí mo bá wọ ibẹ̀. Bí ojú ìyáàlù bá ń han jù, ìda ni yóò lẹ̀ mọ́ ọn, yóò tẹ̀ ẹ́, yóò lù ú, yóò ha díẹ̀ kúrò, yóò tún lù ú. Àwọn onílù bàtá ní Kúbà ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ohùn ti wà nínú igi àti awọ látilẹ̀. Ohun tó bò ó mọ́lẹ̀ ni ìda ń mú kúrò.

Kíkùn ni mo kọ́kọ́ kojú. Oríṣi méjì ni: ọ̀kan wúwo, ó ń gbọ̀n nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, èkejì ń gbọ̀n nígbà 120, ó sì le díẹ̀ létí. Àkọ́kọ́ ń wá láti ara wáyà tó ń mú fáàfù gbóná, èkejì láti ara iná tí 5Y3 kò tíì rí tò tán. Ẹni tó bá lè fi etí yà wọ́n ti mọ ibi tí yóò wá. Mo lọ́ wáyà ìmúgbóná náà pọ̀ bí okùn, mo tì í sí igun irin, jìnnà sí ihò gìtá, mo sì fi rẹsísítọ̀ 100 óòmù méjì so apá rẹ̀ méjèèjì mọ́ irin. Kíkùn tó wúwo dákẹ́. Fún èkejì, mo yọ kàpásítọ̀ kejì, tó jẹ́ máíkírófárádì 8, mo fi 22 sípò rẹ̀. N kò fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́, nítorí bí èyíinì bá tóbi jù, 5Y3 ni yóò jìyà rẹ̀. Èéfín lẹ́ẹ̀dì tí mo fi ń lẹ wáyà pọ̀ ń lọ sókè, oje igi inú rẹ̀ ń rùn, mo sì fẹ́ràn òórùn náà.

Nínú tèmi, kàpásítọ̀ kan wà lẹ́sẹ̀ abala àkọ́kọ́ 12AX7, máíkírófárádì 25. Bó ṣe tóbi tó yẹn, gbogbo ohùn ìsàlẹ̀ ló ń jẹ́ kó wọlé, okùn tó nípọn jù sì ń da omi wọ agbada tó ti kún. Mo fi 0.68 rọ́pò rẹ̀. Òkèlè ẹnu rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó wá ń pe ọ̀rọ̀ já gaara.

Èyí tó gbà mí lásìkò jù ni wáyà kan tó ń ti ìdí sípíkà padà wọ inú 12AX7. Ó ń dá díẹ̀ padà nínú ohun tó ti jáde, kí ó lè máa takò èyí tó ń bọ̀, kí ohùn má baà ṣe àṣejù. Rẹsísítọ̀ 22,000 óòmù ló wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Mo já a. Ńṣe ni ańpílífáyà náà pariwo bí ewúrẹ́ tó já okùn: ó le, ó gún, ó ń ta sọ́tùn-ún sósì. Ó wù mí gbọ́ fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ó sú mi. Mo fi 33,000 sí i, ó ṣì ń tijú. Mo fi 100,000, ó tún fẹ́ sá lọ. Orí 47,000 ni mo dúró sí.

Mo tún yọ 12AX7, mo ki 12AY7 bọ ihò rẹ̀, iṣẹ́ tí kò fẹ́ lẹ́ẹ̀dì rárá. Agbára ìsọdipúpọ̀ ti 12AX7 jẹ́ 100, ti 12AY7 kò ju nǹkan bí 45 lọ, èyí sì jẹ́ kí àyè pọ̀ lórí ìyí náà kí ohùn tó fọ́. Ní ti kàpásítọ̀ àtijọ́ olówó gegere tí àwọn kan ń wá kiri, mo dán an wò. Etí mi kò gbọ́ ìyàtọ̀, mo sì dá tèmi padà síbi tó wà.

Sípíkà ló kẹ́yìn, òun ló sì yẹ kó ṣíwájú. Mo kan àpótí pákó mìíràn fún sípíkà ínǹṣì 12, óòmù 4 bíi ti àtijọ́. Bí sípíkà kan bá fi désíbẹ́ẹ̀lì 3 ju òmíràn lọ, bí ẹni sọ wáàtì márùn-ún di mẹ́wàá ni. Kí n tó tan iná, mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì pé wáyà rẹ̀ wọlé dáadáa, torí ańpílífáyà onífáàfù tí a tàn láìsí sípíkà lè jó tiransífọ́mà ara rẹ̀.

Ní báyìí, bí mo bá tan án tí n kò ta gìtá, ìmí rẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́. Lórí 4, okùn kọ̀ọ̀kan dá dúró, wọ́n mọ́, wọ́n yípo bí omi inú ìṣà. Lórí 7, bí mo bá fi àtàǹpàkò ta á fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń kọ jẹ́jẹ́. Bí mo bá ta á kíkankíkan, ó ń há díẹ̀ ní ìpìlẹ̀ bí ohùn alágbe lọ́wọ́ òru, ó há síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kò sọnù nínú rẹ̀. Lórí 12, 6V6 ti dé òpin agbára rẹ̀. Mo ta okùn kẹta, mo dì í mú sójú kan, mo mi ìka lé e. Ohùn náà nà, ó nípọn, ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tí mo sì rò pé ó ti tán, òmíràn yọ lórí rẹ̀, ohùn kan náà ní ìpele tó ga jù ú lọ, tín-ín-rín bí ìfé, ó dúró fún ìgbà díẹ̀ nínú yàrá abẹ́ ilé náà.