Ewé Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tó Ń Gbẹ: Ẹ Yẹ Ẹ̀yìn Rẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Fẹ̀sùn Kan Ẹnikẹ́ni

 

Èmi a máa ra àgbagbà ní Àpòmù, mo sì ń fi din dòdò tà ní Ìkirè. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ kọjá rí á ti mọ dòdò Ìkirè: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n kọjá pípọ́n, tí a pò mọ́ ata àti iyọ̀, tí a fi epo pupa din. Òun la fi ń rán ọmọ lọ sílé ìwé. Bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá gbẹ lóko, ebi dé ìdí ààrò wa nìyẹn.

Láìpẹ́ yìí, obìnrin kan tí mo máa ń rajà lọ́wọ́ ẹ̀ sọ fún mi pé ìyàwó àbúrò ọkọ òun ló da omi gbígbóná sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ òun. Kí ló fi mọ̀? Ó ní ewé ń gbẹ bí ẹni pé iná rà á. Wọn ò kí ara wọn mọ́. Mo bá a dé ẹ̀yìnkùlé, mo já ewé kan, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Ilà tín-ín-rín pupa rẹ́súrẹ́sú ló kún ibẹ̀. Mo ní, "Ìyá mi, omi gbígbóná kì í fa ilà sẹ́yìn ewé. Àrùn nìyí."

Black Sigatoka ni wọ́n ń pè é. Sigatoka jẹ́ orúkọ àfonífojì kan ní erékùṣù Fiji. Fiji ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní 1963. Ó dé Nàìjíríà ní 1986. Ó bá ohun tó ń mú kí búrẹ́dì bu tan. Afẹ́fẹ́ àti òjò ló ń gbé e káàkiri, kì í ṣe ọmọ aráyé.

Báwo la ṣe ń dá a mọ̀? Bó bá jẹ́ ewé ìsàlẹ̀ pátápátá nìkan ló pọ́n tó sì rọ̀ wálẹ̀, ogbó ni, ẹ má dààmú. Bó bá jẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó jẹ́ pé etí ewé ló ń gbẹ, ọyẹ́ àti òùngbẹ ni. Bó bá jẹ́ nígbà òjò, tí ilà wà lẹ́yìn ewé kẹta tàbí ìkẹrin láti òkè, tí ilà ọ̀hún di dúdú, tí àárín rẹ̀ wá gbẹ bí eérú, Black Sigatoka ni. Bí igi bá ń ṣubú láìsí ilà kankan, ẹ hú ìdí rẹ̀ wò. Bí ihò bá wà níbẹ̀, tàbí tí gbòǹgbò ti jẹrà, kòkòrò inú ilẹ̀ ni.

Black Sigatoka kì í pa ẹni tó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ewé ni ààrò igi. Bó bá kú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò ní sanra, á sì pọ́n láìgbó.

Ẹ gé ibi tó gbẹ kúrò. Ẹ fi àyè mítà 3 sí mítà 2 sílẹ̀ láàárín igi. Ẹ da èèpo iṣu àti eérú sí ìdí rẹ̀. Ohun tó ń mú kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé pẹ́ ju ti oko lọ nìyẹn. Ní ti kòkòrò inú ilẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ gbin ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ bẹ́ èèpo ìdí rẹ̀, kí ẹ rì í sínú omi híhó fún ìṣẹ́jú àáyá 30 péré. Àwọn ará IITA ní Ìbàdàn ló ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àbí ẹ ò rí nǹkan? Omi gbígbóná tí wọ́n tìtorí ẹ̀ bínú síra wọn, òun náà ló tún jẹ́ oògùn!

Àwọn òpìtàn ní ọjà Àpòmù yìí kan náà ni ìjà ataare ti bẹ̀rẹ̀, tó di ogun Òwu ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn. Ìlú ńlá fọ́ nítorí ataare. Ẹ má jẹ́ kí agbo ilé yín fọ́ nítorí ewé. Ẹni tó bá ti fẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀, kó lọ bẹ̀ ẹ́ kí ọjọ́ tó lọ.

Èmi ni tiyín,
Oní-dòdò, Ìkirè.