Àga Oníkẹ̀kẹ́ Létí Adágún

Ẹgbẹ́ rán wa pé kí a wá ibi tí àwọn àgbà wa tó wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́ lè ti máa gba afẹ́fẹ́ létí omi. A lọ, a bọ̀, ohun tí a rí nìyí.

Adágún Alau ni ọkàn gbogbo wa kọ́kọ́ lọ sí. Odò Ngadda ni wọ́n sé níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1986, kí ará ìlú lè rí omi mu, kí àgbẹ̀ sì rí omi fún oko. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbàgbé ọjọ́ Túsìdé, 10 September 2024? Ìsédò náà ya lóru, omi sì wọ ìgboro. Ó wọ Ọjà Mọ́ńdè, ó wọ ààfin Shehu, ó wọ ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì. Ó lé ní 400,000 ènìyàn tó fi ilé sílẹ̀. Ní ọgbà ẹranko Sanda Kyarimi, níbi tí à ń kó ọmọ lọ nígbà ọdún, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹranko ló kú. Ọ̀nì àti ejò bá omi jáde sí àdúgbò.

Nígbà tí omi bá dé lóru, ẹni tó lẹ́sẹ̀ a sá. Ẹni tó wà lórí àga a máa wojú ẹni tí yóò gbé e. Ọ̀nà tí àga lè gbà lọ gba afẹ́fẹ́ nírọ̀lẹ́, òun náà ni yóò gbà sá àsálà lóru. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ju ọ̀rọ̀ fàájì lọ.

Adágún mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ etí rẹ̀ lójoojúmọ́ láìmọ̀. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sọ pé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, Adágún Chad tóbi débi pé etí rẹ̀ dé ìhín. Yanrìn tí ìgbì rẹ̀ kó jọ ni òkè gbọọrọ tó gba Màídúgùrì lọ sí Bama, títí wọ Kamẹrúùnù. Ó ga tó 12 mítà níbòmíràn. Omi ti lọ, etí rẹ̀ ló kù sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni a gbà. A gbé ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa sórí àga, a jáde ní Moduganari kí oòrùn tó mú, nítorí pé ní oṣù April irin àga a máa jó ènìyàn lọ́wọ́. Lórí ọ̀dà, lábẹ́ igi dongoyárò, àga ń yí geere. Níbi tí ọ̀dà parí sí, yanrìn gbá táyà kékeré iwájú mú. Ẹ má tì í nígbà náà: ẹ yí àga padà, kí ẹ máa fà á, kí táyà ńlá ṣáájú. Níbi gọ́tà tí kò ní ìbòrí, pákó méjì ni a tẹ́ kọjá.

Ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ní adágún ni ẹ ń mú mi lọ, yanrìn ni mo rí."

A ní, "Ìyá, etí omi náà nìyí. Omi ló rìnrìn-àjò."

Wọ́n ní, "Bíi tiwa náà ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó ti kọ lẹ́tà sílé."

Àwọn ará wa tó wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀n, ní Burgess Park nítòsí wọn. Ilé àti ilé iṣẹ́ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1982 ni wọ́n gbẹ́ adágún síbẹ̀, ọ̀nà pẹrẹsẹ sì wà létí rẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é. Ọlọ́run kò fẹ́ràn wọn jù wá lọ.

Ojú irin dé Màídúgùrì ní 1964, àwa akọ̀wé rélùwéè sì mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin kì í gun àtẹ̀gùn. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n ń tẹ́ ilẹ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ti àga yìí: bí ẹnu ọ̀nà bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1, kí gẹ̀rẹ́ tí a ó dà síbẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní January 2019 fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún 5 láti ṣe èyí. Ọdún 5 náà ti pé láti January 2024. A kò tọrọ báárà bí a bá béèrè.

Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun mẹ́ta ni a bẹ ẹgbẹ́:

Kí a da gẹ̀rẹ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìpàdé wa kí òjò tó dé.

Kí ilé kọ̀ọ̀kan mú orúkọ ẹni tí kò lè rìn wá fún akọ̀wé.

Kí a yan géńdé méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tí yóò gbé wọn bí omi bá tún dé.

A bá àwọn tí wọ́n bímọ lóṣù yìí yọ̀, a sì bá àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kẹ́dùn. Kí Olódùmarè má jẹ̀ẹ́ kí a fi ẹnìkan sílẹ̀ sẹ́yìn. Àṣẹ.