Ìgò Oògùn Nọ́sù àti Ọmọ Mi Tí Ó Fẹ́ràn Eré Sísá

Òbí tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn eré sísá nínú ọkọ̀ kò ní yíyàn púpọ̀. Bí ọmọ náà kò bá sá a ní ibi tí wọ́n là sílẹ̀ fún un, yóò sá a lójú títì ní òru, nígbà tí òbí bá ti sùn. Èmi ti yan èyí tí mo lè fara dà. Láti ìgbà tí ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 22, tí ó sì fi owó ara rẹ̀ ra ọkọ̀ ìsáré kékeré kan, ni mo ti sọ fún un pé títì A2 tí a ń gbà lọ sí ibi iṣẹ́ níhìn-ín ní Kent kì í ṣe pápá. Bí ó bá fẹ́ mọ bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe lè sáré tó, Brands Hatch kò jìnnà sí wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò ti gbọ́ orúkọ pápá náà. Láàárín ọdún 1964 sí 1986, ìgbà 12 ni wọ́n ṣe ìdíje Grand Prix ilẹ̀ Bìrìtéènì níbẹ̀. Lóde òní, àwọn ọjọ́ kan wà tí ẹni tí ó ní ìwé ìwakọ̀ lè sanwó kí ó sì gbé ọkọ̀ ara rẹ̀ wọ ibẹ̀. Kì í ṣe ìdíje. Kò sí ife ẹ̀yẹ, ẹnì kan kì í sì í ṣáájú ẹnì kejì láìjẹ́ pé ẹni iwájú yọ̀ǹda fún un. Wọn a kó gbogbo awakọ̀ jọ ní òwúrọ̀, wọn a ka òfin fún wọn, olúkúlùkù a sì dé akoto. Ọ̀nà kúkúrú ibẹ̀ kò ju máìlì kan àti díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n igun rẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Paddock Hill, ń yí sí apá ọ̀tún bí ilẹ̀ ti ń rì lọ sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo lọ wò ó. N kò fẹ́ràn rẹ̀.

Mazda MX-5 tí wọ́n ṣe ní ọdún 2003 ni ọmọ mi rà, oníjòkòó méjì tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn. Ẹni tí ó ni ín tẹ́lẹ̀ ti gbé e sílẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì láìwà á. Epo bẹntiróòlù tí ó bá pẹ́ nínú ọkọ̀ kì í rí bí a ṣe rà á. Èyí tí ó fúyẹ́ nínú rẹ̀ a fẹ́ lọ, ìyókù a sì máa di ohun tí ń lẹ̀ bí oje igi. Oje yìí ni í dí ẹnu nọ́sù. Nọ́sù ni àwọn mẹkáníìkì wa nílé ń pe ohun èlò tí ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì. Kì í da epo o, fífọ́n ni ó ń fọ́n ọn bí ìkùukùu, láti inú ihò tí ó kéré gan-an. Bí ọkọ̀ ọmọ mi bá dúró sójú kan tí a kò pa á, ara rẹ̀ a máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà dá dúró.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó wọlé pẹ̀lú ìgò oògùn ìfọ nọ́sù tí ó rà ní pọ́n-ùn 12. Ọjọ́ Sátidé ni ó ti sanwó láti lọ sí pápá.

“Mọ́mì, ẹ wò ó. Tí mo bá da èyí sínú táǹkì ní àárọ̀ Sátidé, mótò yìí máa fò!”

N kò bá a jiyàn. Ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Ìbàdàn láti ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún ni mo pè lórí WhatsApp. Ẹni tí ó mọ nọ́sù ni. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà, tàárọ̀ talẹ́ ni wọ́n ń to ọkọ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọmọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì kí fóònù tó rí ojú rẹ̀.

“Bàbá Ìbàdàn, ẹ kú iṣẹ́ sà.”

“O ṣeun, ọmọ mi. Bíréèkì ńkọ́?”

“Ó dáa sà.”

“Ta ló wò ó?”

Ọmọ náà dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ó lọ tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó tò wọ́n sórí aṣọ funfun bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra nínú ẹ́ńjìnnì, kí ó sì ya fọ́tò wọn. Mẹ́ta nínú wọn ní àwọ̀ èèpo ẹ̀pà. Ìkẹta láti iwájú funfun bí ẹfun.

Ohun tí plọ́ọ̀gì funfun yẹn ń wí ni ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń gbé ọkọ̀ lọ sí pápá mọ̀. Sílíńdà mẹ́rin ni ó wà nínú ẹ́ńjìnnì náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́sù tirẹ̀. Bí ẹnu ọ̀kan bá dí díẹ̀, sílíńdà yẹn yóò máa gba afẹ́fẹ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n epo rẹ̀ kò ní tó. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kò lè tètè rí i, nítorí èéfín gbogbo wọn lápapọ̀ ni ó ń yẹ̀ wò. Lójú títì, ìyà ibẹ̀ kò pọ̀, torí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ènìyàn fi ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Ní pápá, ìṣẹ́jú 15 tàbí 20 ni wọ́n fi ń sá a, ẹsẹ̀ a sì máa wà nílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà nínú rẹ̀. Sílíńdà tí epo rẹ̀ kò tó a gbóná ju àwọn yòókù lọ, epo inú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í búgbàù kí àkókò rẹ̀ tó pé, orí písítìnì a sì lè yọ́. Ẹ́ńjìnnì tí ó bá dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì ní Paddock Hill, tí ọkọ̀ mìíràn sì ń bọ̀ lẹ́yìn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan.

Ṣé oògùn inú ìgò wá wúlò? Ó wúlò, bí ó bá jẹ́ èyí tí ó ní èròjà tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń pè ní polyetheramine, tí a sì lò ó lásìkò. Kì í fi agbára kún agbára. Èyí tí ìdọ̀tí gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ni ó lè gbà padà. Táǹkì kan odidi ni ó fi ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ìrìn láti ilé epo dé ẹnu ọ̀nà pápá. Bẹ́ẹ̀ ni díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì bọ́ sínú ọ́ìlì, ọ́ìlì tí nǹkan bẹ́ẹ̀ sì ti là kọ́ ni ènìyàn í gbé lọ sí ibi ooru. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú ni à ń lò ó, a ó wà á lọ wà á bọ̀ jẹ́jẹ́ títí epo yẹn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, lẹ́yìn náà ni a ó pààrọ̀ ọ́ìlì. (Ẹni tí ó bá ní MX-5 tí ó jáde láti ọdún 2015, ti ìyẹn tún yàtọ̀: inú sílíńdà gan-an ni nọ́sù rẹ̀ ń fọ́n epo sí, epo kì í fọ ẹ̀yìn fáàfù, oògùn inú táǹkì kò sì lè dé ibẹ̀.)

Mo sọ fún ọmọ mi pé kò ní lọ ní Sátidé yẹn. Owó tí ó san ṣòfò. Odindi ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi kí mi láàárọ̀ tí kò sì fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un, bàbá rẹ̀ pàápàá ní mo ti le jù. Mo gbà pé mo le.

Ó da oògùn náà sínú táǹkì tí ó kún, ó sì wà á lọ sí ibi iṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Gbígbọ̀n náà rọlẹ̀. A tún tú plọ́ọ̀gì, ìkẹta ṣì funfun ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

“Ó ti dín kù, Bàbá Ìbàdàn.”

“Ó dín kù, kò tán. Yọ nọ́sù náà.”

Níhìn-ín ni ìgò ń parí sí. Ó yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbé wọn lọ fún àwọn tí ń fi wọ́n sínú omi tí ìró tí etí kò lè gbọ́ ń mì, tí wọ́n sì ń wọn iye epo tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fọ́n kí wọ́n tó fọ̀ ọ́ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fún un fi hàn kedere pé ìkẹta kò fọ́n tó àwọn yòókù tẹ́lẹ̀, àti pé gbogbo wọn ti wá dọ́gba. Owó náà tó ti ìgò oògùn mẹ́fà. Kò ráhùn.

Bíréèkì ni èmi fúnra mi dúró lé lórí. Epo bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Òfin ni pé irú èyí tí wọ́n ń pè ní DOT 4 kò gbọdọ̀ hó kí ooru rẹ̀ tó dé ìwọ̀n 230 lórí Sẹ́ǹtígíréèdì nígbà tí ó bá jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n bí ó bá ti fa omi, 155 ni òfin béèrè. Bí ó bá hó, ẹsẹ̀ yóò tẹ bíréèkì, kò sì ní bá nǹkan kan níbẹ̀. A da ti àtijọ́ nù, a rọ tuntun. Ó ra irin ìdáàbòbò tí wọ́n ń dè mọ́ ẹ̀yìn àga, nítorí ọkọ̀ aláìlórùlé ni. Ó san adójútòfò ọjọ́ kan ṣoṣo, torí adójútòfò ojú títì tí ó ní kò dé pápá.

Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ó lọ, mo sì tẹ̀ lé e. Epo olókítéènì 99 lásán ni ó wà nínú táǹkì, láìsí oògùn kankan. Ó sá ìṣẹ́jú 15, ó rọra wà á yípo lẹ́ẹ̀kan kí bíréèkì lè tutù, ó gbé e síbi ìdúró láìfa bíréèkì ọwọ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù ní ọ̀sán, ó tú plọ́ọ̀gì, ó tò wọ́n sórí aṣọ funfun. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ èèpo ẹ̀pà. Ó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, kò sì pẹ́ tí ohùn ẹ̀gbọ́n mi fi wọlé.

“Ó dáa. Ṣé o ti jẹun?”