Akihabara: ọjà táwọn bàbá ti ń ra ìgbà èwe wọn padà

Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Akihabara, nílùú Tokyo, lórílẹ̀-èdè Jàpáàn, á kọ́kọ́ rò pé ọdún ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Iná aláràbarà, ariwo orin, èrò bí omi. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara rédíò ló sọ ibẹ̀ dọjà. Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà àti géèmù gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ṣọ́ọ̀bù kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Super Potato, géèmù àtijọ́ ni wọ́n ń tà. Ẹ gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta, ẹ ó rí àwọn bàbá onírun funfun tí wọ́n dúró síwájú kásẹ́ẹ̀tì Famicom bí ọmọdé tó dúró síwájú alákàrà. Ọdún 1983 niléeṣẹ́ Nintendo gbé Famicom jáde. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 10 nígbà náà ti lé ní 50 báyìí.

Irú bàbá bẹ́ẹ̀ á búra pé kò sí géèmù tó tó Super Mario Bros. ti 1985. Àbúrò ẹ̀ tó ṣì wà lọ́mọdé nígbà tí PlayStation dé ní 1994 á ní irọ́ ni. Ta ló jàre nínú wọn? Àwọn méjèèjì ni. Kì í ṣe géèmù nìkan ni wọ́n ń wí. Ìgbà tí owó ilé ò kàn wọ́n, tí ìyá wọn ń pariwo pé kí wọ́n wá jẹun, ni wọ́n ń wí. Àwọn àgbà ṣáà ní bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Lára kásẹ́ẹ̀tì tó ti lo ìgbà rí, ẹ máa ń rí èyí tí orúkọ ọmọ tó kọ́kọ́ ni ín ṣì wà lára ẹ̀, bó ṣe fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́. Ibo lọmọ náà wà lónìí?

Ohun tó ń bani nínú jẹ́ ni pé nǹkan wọ̀nyí ń kú lọ. Dragon Quest III ti 1988 ní bátìrì kékeré nínú. Ọjọ́ tí bátìrì yẹn bá kú, gbogbo ibi téèyàn bá géèmù náà dé ti parẹ́ nìyẹn. Láti 2007 sì ni Nintendo ti jáwọ́ nínú títún Famicom ṣe.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó sọ pé ìrántí lásán ni, ẹ gòkè dé àjà karùn-ún, níbi tí ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ tí wọ́n ń sọ owó ẹyọ sí wà. Ọmọdé tí wọn ò tíì bí ní 1983 á jókòó síbẹ̀, á kú lẹ́ẹ̀mẹta nínú géèmù, á sì tún máa wá owó ẹyọ mí-ìn lápò bàbá ẹ̀. Ìyẹn ò ní ìrántí kankan tó ń tàn án. Géèmù tó bá dùn, ó dùn náà ni. Ọjọ́ orí kàn ń fi iyọ̀ sí i ni.