Ọmọ Kì í Ṣe Amọ̀

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n lẹ́nu wa níbi ìsọmọlórúkọ, níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́, àti níbi ìwàásù: pé amọ̀ tútù lọmọ, bí òbí bá ṣe mọ ọ́n ni yóò ṣe rí. Mo mọ ìdí tí a fi ń sọ ọ́. A fẹ́ kí òbí tètè jí sí ojúṣe rẹ̀, nítorí kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ìkòkò mímọ, ó ti hàn sí mi pé a fi ọmọ sí ipò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ní ẹbu, níbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò, kò sẹ́ni tó ń mọ ọmọ. Ìkòkò ni wọ́n ń mọ. Ọmọ jókòó síbẹ̀ kí òun náà lè di amọ̀kòkò lọ́jọ́ kan. Èyí ni mo fẹ́ ká jọ rò, nítorí ó kan ọmọ tó máa fi amọ̀ jẹun àti ọmọ tí kò ní í fọwọ́ kàn án láyé rẹ̀.

Ẹni tó bá dé Òkèlélé ní Ìlọrin yóò gbọ́ nípa Ẹbu Dàda. Iṣẹ́ obìnrin ni ìkòkò mímọ níbẹ̀, bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá. Ìyá ń kọ́ ọmọ, ìyá àgbà ń kọ́ ọmọ-ọmọ. Ọwọ́ wọn ni àmù omi ti ń jáde, àti ìṣaasùn ọbẹ̀, agbada àkàrà, ajere, ìkòkò àgbo, títí dé ìkòkò tí wọ́n ń gbin òdòdó sí. Ike àti ìkòkò onírin ti gba ọjà púpọ̀ lọ́wọ́ wọn, síbẹ̀ iná ẹbu kò tí ì kú.

Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹbu kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí àmù. Omi ni yóò kọ́kọ́ máa pọn. Yóò máa ṣa òkúta wẹ́wẹ́ àti gbòǹgbò kúrò nínú amọ̀ tó ti gbẹ, yóò bá wọn gún un, yóò bá wọn rẹ ẹ́ sómi, yóò sì máa wo bí àwọn àgbà ṣe ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rọ̀ dọ́gba. Tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á fún un ní òkúta dídán kó máa fi dán ara ìkòkò tí ẹlòmíràn mọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò kan kòlòbó, kó tó wá kan ìṣaasùn, kó tó wá kan èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú ẹni tó ń kánjú, ìyà lásán ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: òkúta tí ọmọ náà bá gbójú fò nínú amọ̀ lè ba ìkòkò ìyá rẹ̀ jẹ́ nínú iná. Láti ọjọ́ kìíní ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ gidi lé e lọ́wọ́, ìwọ̀n tí apá rẹ̀ ká, iṣẹ́ tó jẹ́ pé bí kò bá ṣe é dáadáa, ilé yóò mọ̀ ọ́n lára.

Nínú ilé tiwa ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án fẹ́ ṣa ẹ̀wà, a ní kó fi sílẹ̀, yóò fi òkúta sínú oúnjẹ. Ó fẹ́ fọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀, a ní kò ní í mọ́. Olùkọ́ ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìgbálẹ̀ wá, a sáré lọ ra ti ọjà, a ní kó gbé e lọ. Nígbà tó bá wá di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí kò lè dá ohunkóhun ṣe, a ó ní ọmọ ìwòyí ya ọ̀lẹ. Ta ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ọmọbìnrin mi máa ń lo ìsinmi ilé-ìwé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi kan ní Òkèlélé, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Àlájà. Mo jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ tí ó fún un láyè láti dá ìkòkò tó tóbi díẹ̀ mọ. Ọmọ náà da ìkòkò àtijọ́ kan dé, ó fi eérú pa á lẹ́yìn kí amọ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ọn, ó wá fi amọ̀ tí ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ bò ó, ó ń fọwọ́ gbá a títí ó fi kárí. Ìdí ìkòkò nìyẹn. Nígbà tó le díẹ̀, ó tú u kúrò, ó gbé e kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí amọ̀ gbọọrọ láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó ń tò ó lé etí rẹ̀ yíká. Amọ̀kòkò ibẹ̀ kì í jókòó yí ìkòkò. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀, tó ń fẹ̀yìn rìn yí ìkòkò ká. Ó yí i ká títí, ó ń fi kùkù àgbàdo tútù gé ara rẹ̀ kó lè dọ́gba. Lójijì, ẹ̀gbẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wálẹ̀.

Ó gbójú sókè. "Àlájà, ó ti ń wọ́. Ẹ bá mi tún un ṣe."

Ọwọ́ Àlájà méjèèjì wà lórí orúnkún rẹ̀. Kò gbé wọn. Ó ní, "Mo rí i, Àṣàkẹ́. Ibo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

Ọmọ náà rìn yí ìkòkò ká, ó fi ìka kan ibì kan nísàlẹ̀. "Ibí yìí, mà."

"Kí ló ṣe ibẹ̀?"

Ó tẹ̀ ẹ́ wò. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ó ṣì tutù. Mi ò jẹ́ kó le tán kí n tó gbé òmíràn lé e."

"O ti sọ ọ́. Wó o, kí o tún bẹ̀rẹ̀."

Bí Àlájà bá na ọwọ́, ìṣẹ́jú kan kò ní í pé tí ìkòkò náà yóò fi nàró. Ìkòkò yóò dára, ọwọ́ ọmọ kò sì ní í mọ nǹkan kan. Ohun tó ṣe ni pé ó béèrè ìbéèrè méjì, ó sì ní sùúrù dúró de ìdáhùn. Kò yìn ín fún ohun tó wọ́, kò sì sọ pé orí rẹ̀ kò pé. Amọ̀ tí kò tí ì wọ iná kì í ṣòfò. A ó tún un pò, a ó tún un lò. Òun ló fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kì í sunkún ní ẹbu nítorí ìkòkò tútù tó wó.

Iná ni kì í ṣojúsàájú. Ìkòkò gbọ́dọ̀ gbẹ dénú kí wọ́n tó tò wọ́n jọ sórí ilẹ̀ gbalasa, kí wọ́n fi igi àti koríko gbígbẹ bò wọ́n, kí wọ́n sì ti iná bọ̀ ọ́. Bí omi bá ṣẹ́kù sínú ara ìkòkò, iná yóò sọ ọ́ di ooru, ooru yóò máa wá ọ̀nà jáde, ìkòkò yóò sì bú gbàmù, àfọ́kù rẹ̀ á máa ba àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi tí a kò bá so amọ̀ pọ̀ dáadáa yóò sán. Èyí tó bá sì la iná já, amọ̀ kọ́ ni mọ́: bí iná bá ti sun ún kọjá nǹkan bí 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius, a lè rẹ ẹ́ sómi fún ọdún mẹ́wàá, kò ní í padà di ẹrẹ̀. Wọ́n á fi igi gígùn yọ ọ́ ní gbígbóná, wọ́n á da omi èèpo èso igi tí a fi ń ṣe irú sí i lára, ara rẹ̀ á wá dúdú, á máa dán. Lọ́jọ́ yẹn ni iṣẹ́ tí a ṣe ní kọ̀rọ̀ ń hàn sí gbangba.

Ẹ̀yin òbí, ìdí rèé tí inú mi kì í fi dùn sí owó tí àwọn kan nínú wa ń san kí ọmọ lè rí ìdáhùn WAEC kó tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. A rò pé ọmọ la ràn lọ́wọ́. Yóò dé yunifásítì, yóò dé ibi iṣẹ́, níbi tí bàbá kò ti lè bá a wọlé, tí àṣìṣe sì ti wọ́n gan-an. Ilé ni àṣìṣe ti pọ́ọ́kú. Ẹ jẹ́ kó ṣe é tán nílé.

Ohun tó fọ́ pàápàá kì í ṣe ìdọ̀tí fún àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ amọ̀kòkò máa ń lọ àpáàdì kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ amọ̀ tuntun, nítorí pé ó ń jẹ́ kí ìkòkò gba iná láìsán. Ní Ilé-Ifẹ̀ láyé àtijọ́, àpáàdì ni wọ́n tò ní ìdúró, tí wọ́n gbá wọlẹ̀, tí wọ́n fi tẹ́ àgbàlá àti ojú ọ̀nà. Ìtàn Ifẹ̀ sì so iṣẹ́ náà mọ́ orúkọ Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni. Ọmọ tó bá gba òdo nínú ìṣirò ti mú ohun tí a lè lò wálé, bí a bá jókòó tì í ká jọ wo ibi tó ti wọ́. Bí a bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àlejò, a ti da àpáàdì nù nìyẹn.

Ọ̀nà náà sì jìn. Àwọn amọ̀kòkò ilẹ̀ Japan máa ń sọ pé ọdún mẹ́ta ni ènìyàn fi ń kọ́ amọ̀ pípò nìkan. Ẹ sì wo obìnrin tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà wa, Ladi Kwali. Ọmọ Gbàgyí ni, ní abúlé Kwali ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1925. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá rẹ̀ nínú ẹbí ló kọ́ ọ níṣẹ́ láti kékeré. Ìkòkò rẹ̀ dára débi pé ó wà láàfin Ẹ́míà ìlú Àbújá ìgbà náà, tó di Suleja lónìí, níbi tí Michael Cardew, amọ̀kòkò ará Gẹ̀ẹ́sì, ti rí i. Ní 1954, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò tí Cardew dá sílẹ̀ níbẹ̀, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ ibẹ̀. Ẹ rò ó wò: ó ti ń súnmọ́ ọgbọ̀n ọdún, ọba ń fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́, síbẹ̀ ó tún jókòó bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo kẹ̀kẹ́ ìmọkòkò tí ń yí, bí wọ́n ṣe ń fi ohun tó ń dán bí gíláàsì kun ìkòkò, àti bí wọ́n ṣe ń sun ún nínú iná ààrò tó gbóná ju ti koríko lọ fíìfíì. Kò sì ju ti ilé nù. Àwọn ìkòkò omi ńlá rẹ̀, tó ya alángbá, ejò àti ẹja sí lára, ọwọ́ ló fi mọ wọ́n, ó ń rìn yí wọn ká bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní Kwali. Wọ́n gbé wọn hàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1977, Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé, obìnrin tí kò jókòó ní kíláàsì oníwèé. Ó di olóògbé ní 1984. Ìyá tó kọ́ ọ ní Kwali kò lè mọ̀ pé ọ̀nà náà yóò dé Lọ́ńdọ̀nù. Ó kọ́ ọ ní èyí tó mọ̀, ó sì kọ́ ọ dáadáa.

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbóná. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, síbẹ̀ àwa náà là ń ti ọmọ lẹ́yìn pé kó yára. Ọmọ wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, a ti ń béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ìgbà tí yóò ṣe fíríìdọ́ọ̀mù. A fẹ́ ra aṣọ ẹbí, a fẹ́ ya fọ́tò, ọmọ kò sì tí ì mọ bí a ṣe ń gé ọrùn aṣọ. Ọ̀gá tó bá ní kó dúró sí i, a ó ní ìkà ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Èmi kò ní ká fi ọmọ ṣe ẹrú, tàbí ká mú un kúrò nílé-ìwé nítorí iṣẹ́ ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní ká jókòó ká káwọ́ lẹ́rán nígbà tí ọmọ bá ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀gún. Àlájà kò fi ọmọ mi sílẹ̀ níṣẹ́jú kan. Ó wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìkòkò náà, kò sì jẹ́ kó súnmọ́ iná rárá. Òun ló wá amọ̀ tó dára, òun ló sọ òtítọ́ fún un nígbà tó wọ́. Ọwọ́ nìkan ni kò bá a fi sí i. Iṣẹ́ tó le jùlọ fún òbí nìyẹn: kí a wà nítòsí, kí a mọ̀ ọ́n ṣe ju ọmọ lọ, kí a sì kó ọwọ́ wa jọ.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, kí olúkúlùkù wa lọ wá iṣẹ́ kan fún ọmọ rẹ̀ nínú ilé, èyí tí kò lè mọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan: ọbẹ̀ sísè, aṣọ rírán, ọgbà ẹ̀fọ́, irun dídì, ìlù lílù, ohunkóhun tí ọwọ́ ń kọ́ díẹ̀díẹ̀. Kí ó jẹ́ iṣẹ́ tí ilé yóò lò lóòótọ́. Ọbẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ lè ní iyọ̀ jù. Ẹ jẹ ẹ́, kí ẹ sọ fún un pé iyọ̀ ti pọ̀ jù, kí ẹ sì tún gbé ìkòkò fún un lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ ń bọ̀ tí a kò ní í sí níbẹ̀ láti bá a tún nǹkan ṣe, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò sì gbẹ́kẹ̀ lé. Ọlọ́run yóò jẹ́ ká jèrè àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n kí àdúrà náà tó gbà, ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́.