Orúkọ Wà Lórí Pátákó: Ìrìn-àjò Mi sí Àríwá Ọsirélíà

Àwọn àgbà ní ẹni bá rìn jìnnà ni í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ní oṣù keje ọdún 2019, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Darwin ní Ọsirélíà ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ òun. N kò rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí ẹranko tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì fò tòun ti ọmọ nínú àpò ikùn. Mo sì rí ohun mìíràn tó kọ́ mi lọ́gbọ́n ju ìyẹn lọ. Òun ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ìlú etí òkun ni Darwin, òun sì ni olú-ìlú Northern Territory. Ilé àtijọ́ kò pọ̀ níbẹ̀ rárá, ó sì nídìí. Ní ọjọ́ 19, oṣù kejì, ọdún 1942, ọkọ̀ òfuurufú ogun Japan ju bọ́ǹbù lu ìlú náà, ènìyàn tó lé ní 230 sì kú. Ní òru tí Kérésìmesì ọdún 1974 fi mọ́, ìjì kan tí wọ́n sọ ní Tracy tún jà, ó pa ènìyàn 66, ó sì wó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé palẹ̀. Wọ́n tún un kọ́. Àwọn Larrakia ló ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé, ṣùgbọ́n orúkọ Charles Darwin, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ìlú ń jẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta, a bọ́ sójú títì: ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ rẹ̀, àwọn ọmọ wọn méjì àti èmi. Stuart Highway ni wọ́n ń pe títì náà. Ó gba àárín Ọsirélíà kọjá, ó sì gùn ju 2,700 kìlómítà lọ. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀, bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe ní Nàìjíríà títí di ọdún 1972. Tírélà ibẹ̀ a máa fa ọkọ̀ mẹ́ta tẹ̀ léra, gígùn rẹ̀ sì lè tó mítà 53. Bó bá ń bọ̀, ẹ yáa yà fún un! Ìgbẹ́ ibẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tó ń gbé Òkè Ọya níhìn-ín: koríko gbígbẹ, igi tó jìnnà síra, èéfín iná ìgbẹ́, òkìtì ọ̀gán tó ga ju ènìyàn lọ. Bí kì í bá ṣe ti pátákó tó ń kìlọ̀ ọ̀nì létí odò, ǹ bá ní à ń lọ sí Bídà ni.

A yà sí ìhà ìlà-oòrùn, a sì wọ Kakadu, ọgbà ńlá tí ìjọba dá sí, tó ti wà nínú ìwé ohun-ìní aráyé ti UNESCO láti ọdún 1981. Ní ibi tí wọ́n ń pè ní Ubirr, àwòrán kún ara àpáta: ẹja, ìjàpá omi, ènìyàn. Ẹranko kan wà láàárín wọn, thylacine, tó ti pa rẹ́ lórí ilẹ̀ ńlá Ọsirélíà láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwòrán rẹ̀ ṣì wà.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ibi tí orúkọ ọgbà náà ti wá. Èdè kan tó ń jẹ́ Gaagudju ni òyìnbó sọ di Kakadu. Àìsàn tí àjèjì gbé wọ̀lú dín àwọn tó ni èdè náà kù, àwọn tó ṣẹ́kù sì ń sọ èdè aládùúgbò àti Gẹ̀ẹ́sì. Bill Neidjie, àgbà kan tó jà fún ilẹ̀ náà, ni ẹni ìkẹyìn tó gbọ́ ọ yékéyéké. Ó kú ní ọdún 2002. Orúkọ wà lórí pátákó, ó wà lára fìlà tí wọ́n ń tà fún àlejò, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kan tó ń fi èdè náà bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tí a padà sí Darwin, a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù àwọn Tiwi, nǹkan bí 80 kìlómítà sí ìlú náà. Wákàtí méjì ààbọ̀ ni a lò lórí òkun kí a tó gúnlẹ̀ sí Wurrumiyanga ní erékùṣù Bathurst. Àwọn àlùfáà Kátólíìkì ti dá míṣọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún 1911, Gẹ̀ẹ́sì sì ti wọ ibẹ̀ tipẹ́. Àwọn tó ń sọ èdè Tiwi kò ju nǹkan bí 2,000 lọ. Síbẹ̀, èdè náà ni àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú eruku fi ń pariwo mọ́ra wọn.

Ìyá àgbà kan tó ń mú wa kiri bi mí pé, “Ìwọ ńkọ́, ṣé o ní èdè tìrẹ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá. Yorùbá ni.”

“Ṣé ẹ pọ̀?”

“A lé ní 40 mílíọ̀nù.”

Ó ya ẹnu. Ó wá nawọ́ sí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. “Àwọn wọ̀nyí ńkọ́? Ṣé wọ́n ń sọ ọ́?”

Kò sí ẹni tó dáhùn. Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí òkun. Ìyá náà kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó kàn ní, “Àwọn ọmọ-ọmọ tèmi ń dà á pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tiwọn kò jinlẹ̀ bíi tèmi. Ṣùgbọ́n n kì í dákẹ́ fún wọn.”

Bí a ti ń padà bọ̀, èyí àgbà nínú àwọn ọmọ náà bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tí à ń pe omi náà ní èdè wa.

“Òkun,” ni ìyá rẹ̀ wí.

“Okùn,” ni ọmọ wí.

“Rárá o! Okùn la fi ń so ewúrẹ́. Òkun!”

Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí a fi rí Darwin lọ́ọ̀kán.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Gẹ̀ẹ́sì ni ní kíláàsì, Haúsá ni lọ́jà, kò sì sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Ìjẹ̀bú àti ọmọ Ọ̀yọ́ bá jọ ń gbé yàrá kan, tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kí ara wọn láàárọ̀, kí ni a fẹ́ fi 40 mílíọ̀nù ṣe? Àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ Yorùbá wà nínú ọgbà yìí tí ọmọ wọn kò gbọ́ ju “ẹ káàárọ̀” lọ. Mo dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ wa máa kó àwọn ọmọ náà jọ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí a máa pa àlọ́ fún wọn, kí a sì kọ́ wọn ní a, b, d. Bí àwọn olóyè ẹgbẹ́ bá fọwọ́ sí i, èmi ni yóò kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ire o.