Àrọ̀kúrò Ọdún 2020 Nínú Ilé Wa

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹ ti ń bi wá nínú inbox pé níbo la wà. Ẹ ní ẹ kì í gbúròó wa mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ ní àwọn pásítọ̀ mìíràn ń gbàdúrà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóròòru, ẹ ò rí tiwa. Ilé la wà o. Ara wa le koko, kò sí àìsàn, kò sí Kòrónà. Àwa àti màmá yín ń sẹ́ ògì ni.

A mọ̀ pé àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á dópin, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà nídìí ògì yẹn kò kéré lójú wa.

Ẹ̀yin tí ẹ sún mọ́ wa mọ̀ pé iṣẹ́ méjì la ti ń ṣe pọ̀ láti ìgbà èwe. Mọ́ńdè sí Fráídè, a wà ní ọ́fíìsì ìjọba. Ìrọ̀lẹ́, òru àti Sọ́ńdè, a wà lẹ́nu iṣẹ́ Olúwa. Ọdún 1985 la wọ iṣẹ́ ìjọba, ọmọ 20 ọdún ni wá nígbà náà. Òfin sì ni pé ẹni tó bá pé ọmọ 60 ọdún, tàbí tó ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, kó máa lọ sílé. Tiwa pé ní oṣù kẹfà ọdún 2020. Màmá yín ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú rẹ̀.

A ti múra sẹ́ńdọ́ọ̀fù sílẹ̀ o! Ìjọ ti yan aṣọ, a ti bá àwọn alásè sọ̀rọ̀, a tilẹ̀ ti mọ ẹni tó máa gbàdúrà ìparí. Ni Kòrónà bá dé. Ní 27 oṣù kejì ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní in ní Nàìjíríà, nígbà tí oṣù kẹta yóò fi parí, ó ti wọ Ìbàdàn. Gómìnà wa fúnra rẹ̀, Seyi Makinde, kéde ní 30 oṣù kẹta pé àyẹ̀wò fi hàn pé ó wà lára òun. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ara rẹ̀ yá. Àwa tí a wà ní Ọ̀yọ́ kò rí kónílé-ó-gbélé tọ̀sán-tòru bíi ti Èkó àti Ògùn, ṣùgbọ́n láti aago 7 alẹ́ sí aago 6 àárọ̀, ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ sí níta. Ìsọjí òru dáwọ́ dúró. Ta ló wá fẹ́ ṣe sẹ́ńdọ́ọ̀fù? Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ wa pé, ojú fèrèsé ni wọ́n ti na lẹ́tà sí wa. Ẹni tó nà án wọ ìbòmú, a ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ó rẹ́rìn-ín. A dúpẹ́, a gbé báàgì wa, a wọ mọ́tò Lálúpọn. Ọdún 35 parí báyẹn.

Ní ilẹ̀ wa yìí, ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì ń ba èèyàn lẹ́rù. Ọ̀rẹ́ wa kan fẹ̀yìntì ní ọdún méjì ṣáájú wa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, olùfọkànsìn ni. Láti ọjọ́ tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni kò ti jókòó. Lónìí, ó lọ wo ibi tí fáìlì gírátúítì rẹ̀ dé. Lọ́la, wọ́n ní kó wá ṣe ìwé mìíràn. Lọ́túnla, ẹnì kan ti fi okòwò tó ń sọ owó kékeré di ńlá hàn án. Tí a bá ní kó wá jókòó ti wa díẹ̀, á ní, "Pásítọ̀, tí mo bá jókòó, mo kú nìyẹn." Oṣù karùn-ún ló kú. Kì í ṣe Kòrónà, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Èèyàn tó sin ín kò ju 20 lọ. Létí ibojì níbẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ kan tí a ò lè gbàgbé. Ó ní ilé tí ọkọ òun fi ọdún 12 kọ́ yìí, kò jókòó sí bàràńdà rẹ̀ rí lójú ọ̀sán.

Ọ̀rọ̀ yẹn la gbé wá sí ilé wa lẹ́yìn Lálúpọn. Ilé náà kò tíì parí, ẹ ò ní gbọ́ irọ́ lẹ́nu wa. Yàrá kan kò ní sílíìnì, tí òjò bá ń rọ̀ lórí páànù, a ní láti pariwo kí a tó gbọ́ ara wa. Ṣùgbọ́n ó ní bàràńdà.

Nígbà tí a ń gba dípúlómà nílé ẹ̀kọ́ Bíbélì, ọ̀pọ̀ oṣù la fi kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwọn ọmọ Léfì: aṣọ wọn, ẹrù wọn, ìdámẹ́wàá wọn. Kò sẹ́ni tó dúró lórí ìparí Númérì orí 8 fún wa. Ẹ lọ kà á. Ọlọ́run sọ fún Mósè pé ọmọ ọdún 25 ni ọmọ Léfì yóò wọ iṣẹ́ àgọ́, tó bá sì pé 50, kó kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó lè máa ran àwọn arákùnrin rẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kò gbọdọ̀ ṣe é mọ́. Ẹ rántí pé iṣẹ́ ẹrù rírù ni o, wọ́n ń ru pákó àti aṣọ àgọ́ káàkiri aginjù. Ọlọ́run tó pè wọ́n ló ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Kò pè é ní ìfàsẹ́yìn. Àwa Pẹ́ńtíkọ́ọ̀sì mọ bí a ṣe ń wàásù nípa ìpè, a mọ ìgbéga, a mọ ìlẹ̀kùn tó ṣí. Ìsọ̀kalẹ̀ ẹrù yìí ni a kì í fẹ́ wàásù.

Ẹ wá wo àkókò tó bọ́ sí. Òjò àrọ̀kúrò ni. Ẹ̀yin ará ìlú ńlá lè máà mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ẹ ń gbàdúrà fún un nínú ìsọjí lọ́dọọdún! Òjò àkọ́rọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ ọdún oko; lẹ́yìn tí òjò bá sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, àrọ̀kúrò á dé, á rọ̀ títí wọ oṣù kẹwàá, kí ọyẹ́ tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Orí rẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà ti ń gbin àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ní ọdún 35 tí a fi ń ṣe iṣẹ́ ìjọba, ohun tí àrọ̀kúrò jẹ́ fún wa ni ẹrẹ̀ lójú ọ̀nà Mọ́nàtán àti pípẹ́ dé ọ́fíìsì. Ọdún 2020 la jókòó tì í. Tí ó bá ti ṣú lápá ìlà oòrùn, màmá yín á gbé bàkẹ́ẹ̀tì sábẹ́ páànù, àwa á gbé àga. Òórùn ilẹ̀ nígbà tí ẹ̀kán àkọ́kọ́ bá bọ́ sí i, ẹ gbà wá o, kò sí lọ́fínńdà tó jọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ògì wá kàn. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni màmá yín máa ń rẹ àgbàdo. Ọjọ́ Tọ́sídè, a gbé e lọ sí ibi ẹ̀rọ ìlọta. Ìrọ̀lẹ́, a sẹ́ ẹ. Àwa la ń di aṣọ mú, òun ló ń da omi sí i. Níjọ́ àkọ́kọ́, ó ní, "Dádì, ẹ dì í mú dáadáa, bí ẹ ṣe ń di Bíbélì mú kọ́ nìyẹn." Èèrí rẹ̀ jẹ́ ti àwọn ewúrẹ́ aládùúgbò wa, tí wọ́n mọ ọjọ́ tí a ń sẹ́ ògì ju bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ kan ṣe mọ ọjọ́ ìpàdé lọ. (Ẹ mọ ara yín.) Tó bá di òwúrọ̀, ògì á ti silẹ̀, omi kíkan á wà lókè rẹ̀. Màmá yín á rò ó lórí iná igi, àwa á lọ ra àkàrà lọ́wọ́ ìyá tó wà létí ọ̀nà. A ó jókòó, a ó mu ún díẹ̀díẹ̀ títí ooru rẹ̀ á fi lọ. Tẹ́lẹ̀, orí ìdúró la ti ń mu ògì, bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ́wọ́ kan, ife lọ́wọ́ kejì. Ìgbéyàwó wa lé ní ọdún 28, a kò mọ̀ pé màmá yín máa ń kọrin sínú tó bá ń ro nǹkan lórí iná.

Nígbà tí ìjọba ti bọ́dà pa láti oṣù kẹjọ 2019, ìrẹsì di nǹkan ọlọ́lá, a sì fi í sílẹ̀ fún wọn. Iṣu ti jáde. Alẹ́ la máa ń sun ún, a ó ha á, epo pupa àti iyọ̀ ti tó. Rédíò á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, Àmúlùdùn 99.1 láti Mọníyà, Yorùbá tó dán mọ́rán. Ní ọdún 2020, tí wọ́n bá ti ka iye àwọn tí Kòrónà mú lójúmọ́, màmá yín á ní ó tó, á yí i palẹ̀ títí ìròyìn á fi kọjá.

Ayò wá ńkọ́? A mọ̀ pé ìyẹn ti dé etí yín. Àbíkẹ́yìn wa ló gbé ọpọ́n náà wá. Nígbà tí ASUU da iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2020, ilé ló wà pẹ̀lú wa. Ojú 12, ọmọ ayò 48, kò sí owó níbẹ̀, kò sí tẹ́tẹ́. Òpè ni wá, ọ̀ta ni màmá yín. Bàbá kan nínú ìjọ, àgbà tó lé ní 60 ọdún, tó ṣì ń wa mọ́tò akẹ́rù, bá wa lẹ́nu rẹ̀ ní ọjọ́ Túsìdeè kan. Ojú tì í fún wa. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e wọlé, kí àwọn ọmọ ìjọ má baà rí i." A ní kó jókòó. Màmá yín bu ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín fún un. Ó ń wò wá, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ ò bẹ̀rù ni?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. A mọ ohun tó ní lọ́kàn. Tí èèyàn bá jókòó, tí kò sí ẹni tó ń wá a, ta ló wá jẹ́? A sọ fún un pé ẹ̀rù ba wá ní oṣù kéje, àwọn àárọ̀ kan wà tí a wọ ṣẹ́ẹ̀tì tán tí a ò mọ ibi tí à ń lọ. A sọ pé gírátúítì wa kò tíì jáde. Ṣùgbọ́n a tún sọ fún un pé Ọlọ́run tó rí wa lẹ́nu iṣẹ́ rí wa lórí bàràńdà yìí náà, kò sì tíì bi wá léèrè ìwé ìròyìn iṣẹ́. Bàbá náà mi orí. Ó ní láti 1998, òun ò tíì jẹun ọ̀sán nílé lọ́jọ́ iṣẹ́ rí. Kò gbàdúrà pẹ̀lú wa kó tó lọ, ó yá, ó ní òun fẹ́ tètè délé.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni ilé dùn fún. Àwọn bíríkìlà wa, àwọn tó ń kiri ọjà ní Ìwó Road, àwọn tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n bá rí lónìí ni wọ́n ń jẹ lónìí, kónílé-ó-gbélé yẹn jẹ́ ebi fún wọn. A rí i, a sì pín ìwọ̀nba gàrí tí ìjọ ní. Pásítọ̀ tó bá ń wàásù ìsinmi fún ẹni tí ìkòkò rẹ̀ ṣófo, ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àwọn tí à ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹ̀yin tí ẹ ní iṣu nílé, tí ẹ ní bàràńdà, tí ẹ ò sì tíì jókòó.

Ní ti àdúrà, a ń gbà á. Nínú pálọ̀, aago 6 àárọ̀, àwa mẹ́ta, kò sí kámẹ́rà. Ní oṣù kẹwàá tí ìwọ́de EndSARS gbóná, tí ọ̀nà di, tí ọkàn gbogbo òbí ń lù, orí ìkúnlẹ̀ la wà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹni tó bá sì rò pé àdúrà inú ilé kéré, kó rántí 1918. Oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni àrùn Influenza bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì pa. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn èèyàn díẹ̀ kó ara wọn jọ fún àdúrà, J. B. Ṣàdáre wà níbẹ̀, Sophia Odunlami tó jẹ́ tíṣà, ọ̀dọ́bìnrin, náà dara pọ̀ mọ́ wọn. Láti ibi kékeré yẹn ni odò tó di CAC ti ń ṣàn bọ̀.

A ń bọ̀ ní Sọ́ńdè bí a ti ń ṣe. Ìwàásù wa á kúrú, àwọn ọ̀dọ́ pásítọ̀ ni yóò máa darí ìsọjí láti ìsinsìnyí, àwa á jókòó lẹ́yìn wọn. Àgbàdo àrọ̀kúrò wa ti gbó tó sísè, ó ju ohun tí àwa mẹ́ta lè jẹ lọ. Ẹni tó bá fẹ́, kó wá ní Sátidé lẹ́yìn aago 4. Ẹ mú àpò yín dání, ẹ wọ ìbòmú yín. Tí ẹ bá bá wa lẹ́nu ayò, ẹ ṣe sùúrù, ó lè jẹ́ pé ọjọ́ yẹn la máa na màmá yín.